Ìwé Aláwọ̀ Ewé Inú Àpò Ìrẹsì

Sọ́ńdè, 8/1/95

Ọyẹ́ mú gan-an lónìí. Ètè mi ti là, eruku sì bo tábìlì ilé ìránṣọ Hàúwà débi pé Alága fi ìka kọ orúkọ ara rẹ̀ sórí rẹ̀ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Ká ní ọyẹ́ nìkan ni mo bá níbẹ̀ ni, ǹ bá padà wálé pẹ̀lú ayọ̀.

Fọlábí, àbúrò ìyàwó mi, ló gbé fáìlì wá. Ó ní òun fẹ́ fi nǹkan kékeré kan han àwọn àgbà. Nǹkan kékeré! Ojú ìwé mẹ́jọ ni, ó fi kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wọn ní Ungwan Rimi tẹ̀ ẹ́, ìlà rẹ̀ gún régé. Orúkọ gbogbo àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní líìgì ilé-iṣẹ́ ní Kaduna wà níbẹ̀, pẹ̀lú iye góòlù tí kálukú jẹ lọ́dún tó kọjá àti iye tí kọ̀ǹpútà ní yóò jẹ lọ́dún yìí. Wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn bí ẹni ń wo fọ́tò ìgbéyàwó. Hàúwà ní, "Kai! Ẹ wo bó ṣe mọ́ tónítóní!" Ó wá bojú wo káàdì tèmi lórí tábìlì, ó sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyẹn dùn mí ju èébú lọ.

Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń ṣe káàdì fún Ẹgbẹ́ Bọ́ọ̀lù Orí Tábìlì wa, àwa tí a ń fi káàdì àti dáìsì gbá bọ́ọ̀lù. Èmi ni mò ń lọ sí pápá ní gbogbo Sátidé, tí mò ń ka góòlù, tí mò ń fi rúlà fa ìlà sórí páálí, tí mò ń pinnu iye nọ́mbà dáìsì tí yóò máa jẹ́ góòlù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí mo bá rí i pé yóò gbóná lórí pápá, káàdì rẹ̀ á gbóná lórí tábìlì. Kò sí ẹni tó bi mí rí pé báwo ni mo ṣe ń mọ̀ ọ́n.

Alága wa, Bàbá Ọlọ́runtọ́ba tó ti fẹ̀yìn tì ní rélùwéè, ló dá a lábàá. Ó ní kí a mú ogún agbábọ́ọ̀lù, kí èmi àti Fọlábí kọ iye góòlù tí a rò pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò jẹ ní sáà yìí, kí kálukú di tirẹ̀ sínú àpòòwé. Tí líìgì bá parí, a ó tú u. Ẹni tí àṣìṣe rẹ̀ bá kéré ni yóò máa ṣe káàdì láti ìgbà náà lọ.

Láti ìgbà náà lọ! Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹnu lásán ni mo fi rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a délé, Túndùn ìyàwó mi ní, "Ẹ ò rí i bí orí Fọlábí ṣe pé?" Mo ní mo rí i.

Túsìdé, 10/1/95

Ọ̀gbẹ́ni Kọ̀ǹpútà wá sílé lẹ́yìn iṣẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó mú búrẹ́dì olóòórùn dídùn kan dání, irú èyí tó ti di náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n báyìí. Mo ti mọ̀ pé ó nídìí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, góòlù ọdún kan péré ni mo ní lọ́wọ́. Ẹ̀yin lẹ ni ti àtẹ̀yìnwá. Ẹ yá mi ní àwọn ìwé yín. Ọjọ́ méjì, mo ti dá a padà."

Ó ń bá mi du iṣẹ́ ọwọ́ mi, ó sì wá yá irinṣẹ́ lọ́wọ́ mi! Ohun tó ń bí mi nínú jù nípa ọmọ yìí ni pé kò mọ nǹkan kan tó ń jẹ́ ìlara. Mo ń ṣe ìlara ìyẹn pàápàá.

Túndùn dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wò mí. Mo kó ìwé márùn-ún fún un. Ẹ̀kẹfà, aláwọ̀ ewé, n kò mú un jáde. Inú rẹ̀ ni mo kọ ohun tí kálukú ṣe lóṣù ààwẹ̀ sí, láti ọdún méjì wá. Mẹ́rin nínú ìdíje mẹ́sàn-án ọdún yìí ló bọ́ sínú ààwẹ̀, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sì ń gbá a, nígbà tí ọ̀nà ọ̀fun ẹni tó ń gbààwẹ̀ ti gbẹ. Kọ̀ǹpútà wo ló mọ ìyẹn?

"Àǹtí sọ pé mẹ́fà ni," Fọlábí wí.

"Ikán ti jẹ ẹ̀kẹfà."

"Háà! Ẹ pẹ̀lẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ yín ọ̀hún náà!"

Ó káàánú mi. Nígbà tó lọ, mo ti ìwé náà bọ inú àpò ìrẹsì tí a rà sílẹ̀ de ọdún Àjíǹde, mo sì tún ẹnu àpò náà dì.

Wẹ́sìdé, 11/1/95

Ikán wà nílé yìí lóòótọ́. Mo rí i lára férémù fèrèsé láàárọ̀ yìí. Nítorí náà, kì í ṣe irọ́ pátápátá.

Sátidé, 14/1/95

Túndùn gbé ọmọ wa, Mofẹ́olúwa, lọ sọ́jà, mo sì yọ ìwé mi nínú ìrẹsì. Mo jókòó tì í láti aago mẹ́sàn-án títí di aago méjì. Kò sí iná, ṣùgbọ́n ojúmọ́ tó mi.

Mo ti ya òṣùpá kékeré sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ gbogbo àwọn tó ń gbààwẹ̀. Iṣẹ́ ìyẹn kò nira, orúkọ wọn ti sọ ọ́. Jàmàlúdéènì tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ilé-iṣẹ́ aláṣọ tiwa jẹ góòlù mẹ́sàn-án lọ́dún tó kọjá, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ló jẹ nínú ààwẹ̀. Òṣùpá. Mo gé e sí márùn-ún. Levi ti àwọn rélùwéè jẹ méje. Òun kò ní òṣùpá, ebi yóò sì ti mú àárẹ̀ bá àwọn tí yóò máa ṣọ́ ọ lórí pápá. Mo gbé e sí mẹ́sàn-án. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbogbo ogún.

Mo dì í tán, inú mi dùn bíi ti ẹni tó ti rí èsì ìdánwò kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ mógiri.

Sọ́ńdè, 15/1/95

Mo fi àpòòwé mi lé Alága lọ́wọ́. Fọlábí ní òun kò tíì ṣe tán, pé kí wọ́n ṣàánú òun di Fúráìdé. Alága gbà fún un. Bí ó bá ṣe èmi ni, ṣé yóò gbà? Kí ó máa wá ohun tí kò ní rí.

Fúráìdé, 20/1/95

Mo ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ nígbà tí mo rí alùpùpù Fọlábí níwájú ilé Levi, níbí ní Nasarawa. Òun fúnra rẹ̀ jókòó sórí àpótí, ó ń jẹ tùwó, ó ń rẹ́rìn-ín. Túndùn ní ó ti dé ilé gbogbo àwọn agbábọ́ọ̀lù tán, títí kan ti Mando. Mo bi í pé kí ló ń wá níbẹ̀.

"Ó ní òun kàn ń kí wọn ni. Ó ní òun fẹ́ mọ̀ wọ́n."

Mo ní owó epo rẹ̀ ló ń fi ṣòfò. Ta ló ń fi ìkíni ṣe ìṣirò? Ṣùgbọ́n oúnjẹ alẹ́ kò lọ lẹ́nu mi. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń wo Levi láti ẹ̀gbẹ́ pápá, kò sì pè mí wá jẹ tùwó rí.

Sátidé, 21/1/95

Líìgì bẹ̀rẹ̀. Jàmàlúdéènì jẹ méjì, Levi jẹ ọ̀kan. Kò sí wàhálà. Ààwẹ̀ kò tíì dé.

Wẹ́sìdé, 1/2/95

Wọ́n rí oṣù lánàá. Ní ibi iṣẹ́, gbogbo ènìyàn ń kí ara wọn kú ààwẹ̀. Èmi náà ń kí wọn tọkàntọkàn, ó dà bí ẹni pé ọdún tèmi ló dé.

Sátidé, 4/2/95

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Mando lọ wo ìdíje. Eruku, atẹ́gùn gbígbẹ, oòrùn. Mo jókòó, mo ń retí kí ẹsẹ̀ Jàmàlúdéènì wúwo.

Ó jẹ méjì. Ó ń sáré bí ẹni tó jẹ iyán. Levi ni kò lè sáré. Ó fara ti òpó góòlù nígbà tí wọ́n fẹ́ gbá kọ́nà, ó ń mí hẹlẹ.

Mo sọ fún ara mi pé ọjọ́ kan kò tó láti fi dájọ́.

Sátidé, 11/2/95

Jàmàlúdéènì tún jẹ ọ̀kan. Levi kò jẹ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mo rí ohun tí ojú mi rí: nígbà ìsinmi, Jàmàlúdéènì gba omi nínú ọ̀rá, ó fi eyín já a, ó sì mu ún tán gbáá lójú gbogbo ayé! Inú bí mi débi pé mo fẹ́ lọ bá a. Kí ni ọmọ Mùsùlùmí ń fi omi ṣe ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ nínú ààwẹ̀? Kò bẹ̀rù Ọlọ́run ni?

Èmi, díákónì, ni mo dúró ní ẹ̀gbẹ́ pápá tí mò ń bá Mùsùlùmí bínú lórí ààwẹ̀.

Sọ́ńdè, 12/2/95

Mo tètè dé ilé ìránṣọ kí àwọn tó kù tó dé. Hàúwà ń ran aṣọ ọdún, ètè rẹ̀ funfun. Mo fi ẹjọ́ Jàmàlúdéènì sùn ún.

Ó dá máṣíìnì dúró. "Bùrọ̀dá Ṣẹ̀hìndé, haba! Jàmàlúdéènì wo ló ń gbààwẹ̀? Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú ló ti ń bá ìyá rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹgbẹ́ akọrin ló wà níbẹ̀ o."

"Lọ́dún tó kọjá ńkọ́? Ẹyọ kan ló jẹ nínú ààwẹ̀."

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló rọ́. Ẹ ò rí i bó ṣe ń tiro ni?"

Mo rí i. Mo rò pé ebi ni.

Ó rọra jáde lẹ́nu mi: "Levi ńkọ́?"

Hàúwà bú sẹ́rìn-ín. "Levi tó fẹ́ àbúrò mi Àmúdàtù lẹ́yìn líìgì ọdún tó kọjá? Wallahi, òun ló ń jí ìyàwó rẹ̀ sáàrì! Bùrọ̀dá, ọ̀dọ̀ yín ní Nasarawa ló ń gbé, ẹ ò sì mọ̀?"

Àbúrò ìyá mi ní Kabba ń jẹ́ Lásísì, àgbà ìjọ sì ni. Ta ló yẹ kó mọ̀ ju èmi lọ pé orúkọ kò sọ ibi tí ènìyàn ń forí kanlẹ̀ sí? Mo mọ̀ ọ́n fún àwọn ará ilé mi. Fún àwọn tí mò ń ṣe káàdì wọn, mo kàn ń ya òṣùpá.

Ohun kan ló fi mí lọ́kàn balẹ̀. Bí n kò bá mọ̀, Fọlábí náà kò lè mọ̀. Inú òkùnkùn kan náà ni àwa méjèèjì wà, tèmi sì ní ọdún mẹ́fà nínú.

Sátidé, 18/2/95

Àwọn àlejò dé láti Lọ́kọ́ja láìròtẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo ti orí pápá dé (Jàmàlúdéènì, ọ̀kan), Túndùn ti tú àpò ìrẹsì ọdún Àjíǹde. Ìwé aláwọ̀ ewé wà lórí tábìlì, ó ti nu ìyẹ̀fun ìrẹsì ara rẹ̀ kúrò.

Ó dúró kí àwọn àlejò jẹun tán, kí wọ́n lọ wẹ̀.

"Bàbá Mofẹ́, ikán inú ìrẹsì lẹ ń sọ fún àbúrò mi ni?"

Mo ní ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin ni. Ó ní òun kò mọ̀ pé ọkùnrin ló ń fi ìwé pamọ́ sínú oúnjẹ. Mo ní a ti di àpòòwé, pé kò sí ohun tí ìwé náà lè ṣe fún un mọ́, ó ti pẹ́ jù.

"Kò pẹ́ jù láti sọ fún un."

Ó lọ, ó padà wá. "Ọmọ yẹn ń fi yín yangàn ní ọ́fíìsì wọn. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun kan wà tí kì í lo kọ̀ǹpútà tó sì mọ̀ ọ́n jù ú lọ. Ẹ̀yin ni."

Ká ní ó ń bú mi ni, ìbá rọrùn fún mi láti kórìíra rẹ̀.

Mọ́ńdè, 20/2/95

Túndùn ń dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ni. Ọbẹ̀ rẹ̀ kò yí padà. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn.

Fúráìdé, 3/3/95

Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Kò sí iṣẹ́. Hàúwà fi ẹran díndín àti másà ránṣẹ́ sí wa. Ooru ti bẹ̀rẹ̀, ọyẹ́ ti lọ.

Fọlábí dé lọ́sàn-án, ó gbé ìwé kan tí wọ́n dì dáadáa lé mi lọ́wọ́. Ó ti tẹ gbogbo ìwé mi márààrún sínú kọ̀ǹpútà, ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó sì fi páálí aláwọ̀ aró bo ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tó wà lójú páálí náà ni: GÓÒLÙ LÍÌGÌ ILÉ-IṢẸ́ KADUNA, LÁTI ỌWỌ́ J. ỌLÁṢẸ̀HÌNDÉ. Kò sí orúkọ tirẹ̀ níbì kankan. Mo ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bóyá mo lè rí àṣìṣe kan. Kò sí. Ní ẹ̀yìn pátápátá, ó fi ojú ewé kan sílẹ̀ ní òfìfo, ó kọ sókè rẹ̀: "Ìwé kẹfà. Ikán jẹ ẹ́. Bóyá Ẹ̀gbọ́n á rántí díẹ̀ nínú rẹ̀."

Túndùn ka ojú ewé yẹn láti ẹ̀yìn èjìká mi. Ó jáde lọ fún ọmọ lóúnjẹ.

Mo gbìyànjú láti sọ ọ́. Mo ní, "Fọlábí." Ó ní, "Sà?" Mo ní kí ó jẹ ẹran sí i.

Sátidé, 25/3/95

Líìgì parí. Àpapọ̀ Jàmàlúdéènì, mọ́kànlá. Àpapọ̀ Levi, mẹ́rin. Mo ti ṣe ìṣirò àṣìṣe mi lẹ́ẹ̀mẹta, kò dín kù.

Sọ́ńdè, 26/3/95

Gbogbo ẹgbẹ́ pé. Hàúwà gbé fáànù sórí máṣíìnì, ṣùgbọ́n kò sí iná láti fi tàn án. Alága tú àpòòwé tèmi, ó ń kà á sókè, Hàúwà ń kọ ọ́ sórí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà. Jàmàlúdéènì, márùn-ún. Wọ́n kùn. Levi, mẹ́sàn-án. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, Alága sì fojú bá a wí. Gbogbo àṣìṣe mi pa pọ̀ jẹ́ góòlù mọ́kànlélógójì.

Ó tú ti Fọlábí. Jàmàlúdéènì, mẹ́wàá. Levi, mẹ́rin. Mẹ́rin géérégé! Àṣìṣe rẹ̀, mẹ́tàlélógún.

Báwo ló ṣe mọ̀? Hàúwà ló sọ fún un ni? Mo fẹ́ sọ pé ẹnìkan ti tú àṣírí. Alága ní kí Fọlábí sọ bó ṣe ṣe é, ó sì dìde.

"Ẹ̀yin àgbà mi, mi ò mọ nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Gbogbo ìwé Ẹ̀gbọ́n ni mo kà, mo sì rí i pé góòlù máa ń yí padà nínú ààwẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé aláwọ̀ ewé tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí a wò fún ti ààwẹ̀ kò sí, ikán ti jẹ ẹ́. Mo wá gbéra, mo ń lọ láti ilé dé ilé, mo ń bi wọ́n: bọ̀dá, ṣé ẹ máa ń gbààwẹ̀? Ara yín ń yá? Wọ́n sì sọ fún mi. Bí ìwé yẹn bá wà ni, inú rẹ̀ ni ǹ bá ti da gbogbo rẹ̀ kọ, n kì bá jáde nílé." Ó yíjú sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó ń ṣe mí bíi pé Ẹ̀gbọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú un kúrò níbẹ̀ ni, kí n lè kọ́ iṣẹ́. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Alága ní olùkọ́ gidi ni mí. Hàúwà ń lu tábìlì. Mo dìde, mo tẹríba díẹ̀, mo sì jókòó. Túndùn tó bá mi wá nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó ń wo ilẹ̀.

Mo gbé gègé, rúlà àti àpótí páálí mi fún Fọlábí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Túsìdé, 28/3/95

Mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo wọ mọ́tò lọ sí Ungwan Rimi. Ọ́fíìsì wọn tutù, kápẹ́ẹ̀tì wà nílẹ̀. Fọlábí dìde kúrò lórí àga rẹ̀ fún mi. N kò jókòó. Mo yọ ìwé aláwọ̀ ewé, mo gbé e sórí tábìlì.

"Ikán kò jẹ ẹ́. Èmi ni mo fi í pamọ́. N kò fẹ́ kí o borí mi."

Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà, tí ẹ̀rín tí mo ti ń kórìíra láti oṣù mẹ́ta kúrò lójú rẹ̀. Mo rò pé inú mi á dùn tí mo bá rí ìyẹn. Kò dùn.

Ó ṣí ìwé náà, ó rí àwọn òṣùpá. Ó yí àga rẹ̀ sí kọ̀ǹpútà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́, orúkọ kan tẹ̀lé òmíràn, òṣùpá tèmi gbogbo. Mo bi í pé kí ló ń ṣe. Ó ní òun fẹ́ wo ohun tí òun ìbá kọ ká ní mo fún òun lọ́jọ́ tí òun wá. Ó tó wákàtí kan kó tó parí. Lẹ́yìn náà ó fi ìka tọ́ka sí nọ́mbà ìsàlẹ̀, àpapọ̀ àṣìṣe.

Mẹ́rìnlélógójì.

"Ẹ wò ó, Ẹ̀gbọ́n. Kọ̀ǹpútà ìbá ti gba àwọn òṣùpá yìí gbọ́ ju ẹ̀yin gan-an lọ. Tiyín jẹ́ mọ́kànlélógójì." Kò gbé ojú sókè wò mí. "Ká ní ẹ fún mi ni, ẹ̀yin ni ẹ̀ bá borí."

Ó tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi. Mo ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ewé yìí.